Ọkùnrin tó sanwó fún ìbálòpọ̀, tí rọ́bà sì ya: oògùn wo, àyẹ̀wò wo, lọ́jọ́ wo?

IléraÒgèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera. Ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ tírélà àti ọmọ ọkọ̀ tó ń sùn sí gáréèjì Ògèrè, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ni mo gbé wá. Rọ́bà là ń pín níbẹ̀, a sì ń darí ẹni tó bá fẹ́ àyẹ̀wò síbi tó yẹ. Àwọn tó sanwó fún obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi wá ní nǹkan, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: rọ́bà ya lálẹ́ àná, tàbí wọ́n fowó lé owó kí obìnrin náà lè gbà láìsí rọ́bà. Wọ́n á ní ká yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wò lójú ẹsẹ̀ kí ọkàn àwọn lè balẹ̀ káwọn tó délé. Ọ̀pọ̀ wọn á sì ti gbé Ampiclox mì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo fẹ́ kí ẹ là á yé mi: láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, kí ni ká ṣe gan-an? Àwọn fáírọ́ọ̀sì tó yàtọ̀ sí HIV ńkọ́, ọjọ́ wo ni àyẹ̀wò lè rí wọn? Kí sì ni ká sọ nípa ìyàwó tó wà nílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìwàásù. Ìwàásù ti tó wọn.

Nọ́ọ̀sìART

Ẹ kú làálàá o. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni màá dáhùn, torí kò ní àkókò láti fi ṣòfò.

Kì í ṣe àyẹ̀wò ni ọkùnrin yẹn nílò jù lọ́jọ́ náà. Oògùn ló nílò, èyí tí à ń pè ní PEP, tó máa ń dí HIV lọ́nà kó tó fìdí múlẹ̀ nínú ara. Kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìgbà tí ìbálòpọ̀ wáyé lẹ ó sì ti máa kà á. Ẹni tó ṣe é ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní títí di aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ajé. Kò wá ní kó fi falẹ̀ o. Bí oògùn náà bá ṣe yá tó ló ṣe ń lágbára tó. Ẹni tó lò ó ní wákàtí mẹ́fà sàn jìnnà ju ẹni tó dúró di ọjọ́ kẹta.

Hóró kan lójúmọ́ ni, tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀: tenofovir 300 mg, lamivudine 300 mg, dolutegravir 50 mg. TLD ni wọ́n ń kọ sára ike rẹ̀, òun náà sì ni àwọn tó ti ní HIV ń lò. Ọjọ́ 28 ni yóò fi lò ó, kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó gbé hóró àkọ́kọ́ mì kí èsì láàbù kankan tó jáde.

Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún HIV àti mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B, fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́) lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ la ìdí rẹ̀ yé e dáadáa. Àyẹ̀wò ọjọ́ yẹn ò lè sọ nǹkankan nípa alẹ́ àná. Bí ó ṣe wà kó tó wá ló ń sọ. Tí wọ́n bá rí HIV lára ẹni tó bá obìnrin sùn lánàá, ó ti wà lára ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kì í ṣe obìnrin àná ló kó o ràn án. Ẹ tẹnu mọ́ ọn kó tó kúrò níwájú yín, torí àwọn kan máa ń padà lọ bá obìnrin náà jà. Ẹni bẹ́ẹ̀ ò nílò PEP mọ́. Kí wọ́n fi àyẹ̀wò mìíràn fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni òpin ọ̀sẹ̀. Tí kílíníìkì HIV bá ti tì, wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé, aago á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ rán an lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ jù. Lọ́dọ̀ tiyín, Ṣágámù ni. Ẹ kọ wákàtí tí ìbálòpọ̀ wáyé sínú ìwé tí ẹ bá fi rán an, kó má bàa jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni pé awakọ̀ kì í gbé ojú kan. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ kan pé kó padà wá gba ìyókù, yóò ti wà ní Kánò nígbà yẹn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní gbogbo hóró 28 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, èébì lè máa gbé e lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kó jẹun sí i, kó lò ó lálẹ́ kó tó sùn, kó má sì tìtorí ìyẹn jáwọ́.

Tó bá jẹ́ pé ìbálòpọ̀ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, omi àti ọṣẹ lásán ni kó fi wẹ ojú ara. Dettol, ọsàn wẹ́wẹ́, omi iyọ̀ tó le, gbogbo ìyẹn á bó awọ ibẹ̀ ni, awọ tó bó sì ni ẹnu ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń wá. Ampiclox ò ran fáírọ́ọ̀sì kankan. Kódà àtọ̀sí tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gbé e mì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

OníLáàbù

Nọ́ọ̀sì ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń fojú hàn ni tèmi.

Fún HIV, ohun tí àyẹ̀wò ń wá ló ń sọ ọjọ́ tó lè rí i. Ẹ̀rọ tó ń wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè rí i láàárín ọjọ́ 10 sí 33. Àyẹ̀wò láàbù tó ń wá ègé ara fáírọ́ọ̀sì pa pọ̀ mọ́ èròjà tí ara fi ń bá a jà, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ṣe, ń rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, tó ń wá èròjà ìjà nìkan, àti èyí tí èèyàn ń fi omi ẹnu ṣe fúnra ẹ̀, ó ń gbà tó ọjọ́ 23 sí 90. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìka ṣe é lọ́jọ́ karùn-ún tó rí ilà kan ṣoṣo, tó wá ń dùnnú, kò tíì mọ nǹkankan. Ẹni tó lo PEP, oògùn lè mú kí ara falẹ̀ kó tó pèsè èròjà yẹn. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà ni kó kọ́kọ́ ṣe é, kó sì tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 12.

Àṣìṣe pọ̀ lórí OraQuick, àyẹ̀wò omi ẹnu tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Ìṣẹ́jú 15 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn oúnjẹ tàbí ohun mímu kó tó fi igi rẹ̀ ra ẹ̀rìgì, ẹ̀ẹ̀kan lókè, ẹ̀ẹ̀kan nísàlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40 ni kó ka èsì. Tó bá kà á ṣáájú ìgbà yẹn, ilà kejì lè má tíì jáde. Tó bá sun gbàgbé tó wá kà á láàárọ̀, ohun tó rí níbẹ̀ kò wúlò. Ilà méjì kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, ó kàn ń ní kó lọ sí láàbù ni. Ẹni tó ti ń lo oògùn HIV kò gbọ́dọ̀ fi yẹ ara ẹ̀ wò rárá, torí ó lè ṣì í lọ́nà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí wọn kì í kà sí. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, NAIIS, rí HIV lára ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49. Mẹ́dọ̀wú B tó rí lára àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 jẹ́ ìdá 8.1. Ó ju ìlọ́po márùn-ún lọ! Ìbálòpọ̀ sì ń ràn án tagbára-tagbára. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni HBsAg, ẹ̀jẹ̀ orí ìka ti tó, ó sì sábà máa ń fara hàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tí HBsAg rẹ̀ bá jáde lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ti ní i tipẹ́. Lọ́dọ̀ wa, láti kékeré ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kó o. Ẹni tí kò bá ní i, tí kò sì gba àjẹsára rí, kó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, ó dára jù kó jẹ́ láàárín wákàtí 24, ó pẹ́ tán láàárín ọjọ́ 14. Kó gba èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lóṣù kẹfà. Abẹ́rẹ́ yìí ló máa gbà á lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú, tí PEP ò lè gbà á.

Ìdí pàtàkì mìíràn tí HBsAg fi gbọ́dọ̀ wáyé kí PEP tó jìnnà: tenofovir àti lamivudine tó wà nínú TLD ń tẹ mẹ́dọ̀wú B náà mọ́lẹ̀. Tí ẹni tó ní i bá dá oògùn dúró lọ́jọ́ 28, fáírọ́ọ̀sì náà lè sọ jí lójijì kó sì da ẹ̀dọ̀ rú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí dókítà ẹ̀dọ̀ kí ike oògùn tó tán. Èyí kì í ṣe ìdí láti má fún un ní PEP o.

IléraÒgèrè

Ẹ ṣé gan-an ni. Àlàyé lórí HBsAg àti òpin ọjọ́ 28 yẹn ò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Àwọn tó ń wá pẹ̀lú egbò tàbí ìléròrò lójú ara wá ńkọ́?

DókítàAwọAra

Tí ìléròrò kéékèèké bá ṣù pọ̀, tó ń ta, tó ń jó bí iná, tó wá bẹ́ di egbò, herpes ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ egbò kan ṣoṣo, tí etí rẹ̀ le, tí kò sì dun èèyàn, ẹ rántí syphilis, tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, tí abẹ́rẹ́ benzathine penicillin mílíọ̀nù 2.4 yúníìtì sínú ẹran ìdí ń wò. Ojú lásán lè tanni jẹ, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún syphilis lára gbogbo ẹni tó bá ní egbò.

Herpes kì í kúrò lára. Inú iṣan ìmọ̀lára ló ń sá pamọ́ sí, ó sì ń padà jáde. Acyclovir 400 mg, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ 7 sí 10, ni tàkọ́kọ́. Tó bá padà wá, ọjọ́ 5 ti tó. Kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kété tó bá ti rí i, torí tí egbò bá ti ń gbẹ, oògùn ò rí nǹkan púpọ̀ ṣe mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, inú ìléròrò tuntun ni kí wọ́n ti fi òwú gba omi fún àyẹ̀wò. Ti inú ẹ̀jẹ̀ lè gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó fi hàn, ó sì máa ń ṣini lọ́nà. Ìpìlẹ̀ itan àti awọ ẹpọ̀n wà níta rọ́bà, torí náà rọ́bà ń dín in kù ni, kò lè dí i tán, ara tí kò ní egbò rárá sì lè ràn án.

Ìdí tí egbò yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀: ewu HIV fún ọkùnrin nínú ìbálòpọ̀ ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú obìnrin tó ní i kéré, bíi 4 nínú 10,000. Àwọn ọkùnrin a máa gbọ́ irú iye yìí, wọ́n á sì fọwọ́ sọ̀yà. Tí egbò bá ti wà, ẹ gbàgbé iye yẹn. Ìwádìí kan ní Nairobi tí èsì rẹ̀ jáde ní 1989 tẹ̀lé ọkùnrin 293 tó wá gba ìtọ́jú àrùn ìbálòpọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kó o lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ aṣẹ́wó. 24 nínú wọn ló di ẹni tó ní HIV. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn 24 náà ló ní egbò lójú ara, tàbí tí wọn ò dá adọ̀dọ́ wọn. Herpes nìkan ń sọ ewu HIV di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ fi mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, kún un. Ní Bayelsa, nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2017, Dókítà Dimie Ogoina àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ojú ara ni egbò wà lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, wọ́n sì fura sí ìbálòpọ̀ kí ayé tó gbà á gbọ́. Ní Kamituga, ìlú awakùsà wúrà ní ìlà oòrùn Kóńgò, láàárín àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ aṣẹ́wó àtàwọn oníbàárà wọn ni oríṣi rẹ̀ tuntun ti gbilẹ̀ láti 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì kéde pàjáwìrì ìlera fún gbogbo ayé lórí mpox ní August 2024. Ọjọ́ 3 sí 21 ló fi ń fara hàn. Ibà, kókó tó wú ní abẹ́-ìtan, ìléròrò tó le tó sì máa ń ní ihò láàárín. Rọ́bà ò lè dá a dúró fúnra rẹ̀, torí ìfarakanra ara lásán ló ń ràn án. Kí ẹni náà má fara kan ẹlòmíì títí gbogbo èépá yóò fi bọ́ tí awọ tuntun á sì bò ó, kó sì máa lo rọ́bà fún ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ìyẹn.

ÌyáAgbẹ̀bí

Ẹ kú ìkíni o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ti ìyàwó ni tèmi.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn títí èsì ọ̀sẹ̀ 12 á fi jáde, rọ́bà ni kó máa lò pẹ̀lú ìyàwó. Ohun tó máa ń le jù fún ọkùnrin nìyẹn, torí ìyàwó á béèrè ìdí. Ẹ bá a wá ọ̀rọ̀ tó lè sọ kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Kó sọ òótọ́ ló dára jù. Tí kò bá lè sọ gbogbo rẹ̀, kó ní wọ́n ń tọ́jú àrùn kan lára òun, dókítà sì ní kí òun lo rọ́bà. Kì í ṣe irọ́. Ẹ̀yin kọ́ ni kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ fún ìyàwó o: òfin Nàìjíríà ti 2014 tó ka ìyànjẹ àwọn tó ní HIV léèwọ̀ dáàbò bo àṣírí wọn, kò sì sẹ́ni tó lè fipá yẹ ẹlòmíì wò.

Tí ìyàwó bá lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin náà kọ̀ láti tètè ṣe ohun tó yẹ. Èsì tó wà nínú káàdì aboyún lè jẹ́ ti oṣù kẹta. Tó bá wá kó HIV lóṣù kẹfà, káàdì yẹn ṣì máa sọ pé kò ní i, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara ló máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì rọrùn jù fún un láti dé ara ọmọ. Kí wọ́n tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún. Tó bá jẹ́ mẹ́dọ̀wú B ni wọ́n rí lára bàbá, kí ìyàwó àtàwọn ọmọ ṣe àyẹ̀wò, kí ọmọ tuntun sì gba abẹ́rẹ́ tiẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé.

HPV, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí ìbálòpọ̀ ń ràn, ò ní àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe déédéé fún ọkùnrin. Oríṣi 6 àti 11 ń hù bí ẹran kéékèèké lójú ara, dókítà sì lè yọ wọ́n. Oríṣi 16 àti 18 ni kì í fara hàn lára ọkùnrin, tó lè lọ di jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lára ìyàwó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ara ìyàwó la ti ń wá a: láti ọdún 30, kó lọ fún àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, tó bá ní HIV, láti ọdún 25. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ń gba abẹ́rẹ́ HPV lọ́fẹ̀ẹ́ láti October 2023, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ sọ fún àwọn awakọ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ni kò gbọ́ rí.

Apoògùn

Ẹni tó ń padà wá gba PEP léraléra, PrEP, oògùn tí wọ́n ń lò ṣáájú ìbálòpọ̀ kí HIV má bàa ràn wọ́n, ló yẹ kó wà lórí rẹ̀, kó sì bọ́ sórí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí PEP bá parí, láì fi àlàfo sílẹ̀, tí àyẹ̀wò HIV rẹ̀ bá ti mọ́. Oògùn méjì ló wà nínú ìyẹn, tenofovir pẹ̀lú lamivudine tàbí emtricitabine. Kó má fi TLD rọ́pò rẹ̀. Awakọ̀ tí kò mọ ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀, hóró kan lójúmọ́ ló rọrùn jù fún un. Ọkùnrin tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè gbé hóró méjì mì ní wákàtí 2 sí 24 ṣáájú, ẹyọ kan ní wákàtí 24 lẹ́yìn méjì yẹn, ẹyọ kan sí i ní wákàtí 48. Ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B ò gbọ́dọ̀ lò ó bẹ́ẹ̀, torí lílo oògùn kó tún dá a dúró lè mú kí fáírọ́ọ̀sì ẹ̀dọ̀ sọ jí. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín ẹni tó lé ní 50 tàbí tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru wò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Rọ́bà tó ń ya kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù tírélà ni wọ́n ń kó o sí, oòrùn á sì ti sè é kó tó di alẹ́. Vaseline, òrí, àdín, gbogbo òróró ló ń jẹ rọ́bà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì olómi ni kí ẹ máa fi kún èyí tí ẹ̀ ń pín. Ẹni tó lo oògùn agbára kó lè pẹ́, rọ́bà kan ò lè bá a dópin. Kó pààrọ̀ ẹ̀ láàárín. Kó má wọ méjì lé ara wọn, wọ́n á máa ha ara wọn ni. Kó fún orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kó sì di ìdí rẹ̀ mú nígbà tó bá ń yọ ọ́ kí ohun tó le tó rọ̀.

Ní ti owó tí wọ́n ń fi lé owó, obìnrin kan ṣoṣo ò lè borí ẹ̀, torí tó bá kọ̀, oníbàárà á kọjá sí yàrá kejì. Ní Ratchaburi ní ilẹ̀ Thailand, lọ́dún 1989, gbogbo ilé aṣẹ́wó ni wọ́n jọ fi sábẹ́ òfin kan náà pé láìsí rọ́bà, kò sí ìbálòpọ̀, kó má baà síbi tí ọkùnrin máa sá lọ. Wọ́n gbé e dé gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1991, àrùn ìbálòpọ̀ lára àwọn ọkùnrin sì já wálẹ̀ gidigidi. Ti ọlọ́pàá tí wọ́n fi kún un níbẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn, ó ni àwọn obìnrin náà lára. Ṣùgbọ́n ẹ lè bá àwọn tó ni ilé ní Ògèrè àtàwọn obìnrin fúnra wọn jókòó, kí gbogbo ilé fẹnu kò lọ́jọ́ kan náà. Tí ilé méjì bá yọ ara wọn sílẹ̀, kò ní dúró.

IléraÒgèrè

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹyọ kan ló kù: ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ní ọgbẹ́ inú, wọ́n sì ń mu oògùn olómi funfun yẹn lójoojúmọ́. Ṣé kò ní bá TLD jà?

Apoògùn

Á bá a jà dáadáa. Àwọn èròjà bíi magnesium àti aluminium tó wà nínú ẹ̀ máa ń so mọ́ dolutegravir nínú ikùn, oògùn ò sì ní wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kó gbé TLD mì ní wákàtí 2 ṣáájú oògùn ọgbẹ́ inú náà, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú àti èyí tó ní calcium, ó lè lò wọ́n pọ̀ mọ́ TLD tó bá jẹun sí i. Tí kò bá jẹun, wákàtí 2 ṣáájú tàbí 6 lẹ́yìn náà ni. Omeprazole ò ní wàhálà. Ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ife nílò dolutegravir 50 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, nítorí náà ẹ béèrè ikọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, kí gbogbo èyí tó ń lò lójúmọ́ má kọjá 1,000 mg títí ọjọ́ 28 á fi pé.